Àwòrán Rẹ̀ Dùn Ún Wò, Ìjà Rẹ̀ Kò Jinlẹ̀: Ṣé Kí N Parí Géèmù Yìí?

ÌBÉÈRÈ

Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Ìbàdàn, iṣẹ́ àwòrán ni mò ń kọ́, mo sì fẹ́ràn géèmù gan-an ni. Láìpẹ́ yìí ni mo tu owó jọ, mo ra Trek to Yomi, géèmù sámúráì tí gbogbo ẹ̀ jẹ́ dúdú àti funfun. Àwòrán ẹ̀ ló fà mí. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo rò pé fíìmù àtijọ́ kan ni wọ́n ń fi hàn.

Àmọ́ mi ò tíì kọjá orí kejì tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í sú mi. Bí mo ṣe gé ẹni àkọ́kọ́ náà ni mò ń gé ẹni ogún. Ọ̀tá yọ, mo fi idà gba tiẹ̀, mo gé e lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣubú, mo tún ń rìn lọ. Àbúrò mi ọkùnrin tá a jọ ń lo páàdì sọ pé ẹ̀tàn lásán ni, pé géèmù tí ìjà ẹ̀ ò bá dùn kì í ṣe géèmù, àwòrán ẹ̀ ì báà rẹwà ju báyìí lọ. Mi ò rí èsì fọ̀ fún un. Ohun tó sì ń dùn mí jù ni pé irú àwòrán yẹn gan-an ni mo fẹ́ máa yà jẹun lọ́jọ́ iwájú. Ṣé òótọ́ ni àbúrò mi sọ? Ṣé kí n parí géèmù yìí, àbí kí n gba kámú lórí owó mi?

Ayàwòrán, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN

Mi ò ní jẹ́ kó o dúró títí kí n tó fèsì: parí rẹ̀. Sọ ìnira ìjà rẹ̀ kalẹ̀, má kánjú, kó o sì parí rẹ̀. Òótọ́ ni àbúrò rẹ sọ nípa ìjà náà. Ibi tí mi ò ti bá a lọ ni “ẹ̀tàn” tó pè é. Àwọn tó ṣe géèmù yìí kò fi àwòrán bo àléébù mọ́lẹ̀. Àwòrán ni wọ́n dìídì wá ṣe, ibẹ̀ ni wọ́n sì da òógùn wọn sí. Ohun tí wọ́n jẹ wá ní gbèsè ni pé kí ọwọ́ wa náà rí iṣẹ́ gidi ṣe, bí ojú wa ṣe rí.

Jẹ́ ká wo ohun tó o rà. Oṣù Karùn-ún ọdún 2022 ni Trek to Yomi jáde. Leonard Menchiari ló darí rẹ̀, òun àti iléeṣẹ́ Flying Wild Hog ti ilẹ̀ Pólàǹdì ló jọ ṣe é, Devolver Digital ló sì gbé e sórí àtẹ. Ìgbà Edo ní Jàpáànù ni ìtàn rẹ̀ wáyé. Hiroki ọmọdé ń kọ́ ìlò idà lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, Sanjuro. Àwọn jàǹdùkú ya wọ ìlú wọn, ọ̀gá kú, Hiroki sì ṣèlérí pé òun á máa dáàbò bo àwọn ará ìlú náà àti Aiko, ọmọ ọ̀gá rẹ̀. Ó dàgbà tán, ogun tún dé. Èyí tó kù, wàá bá a níwájú.

Orúkọ ọ̀gá yẹn kò ṣèèṣì wá. Sanjuro ni Toshiro Mifune ń jẹ́ nínú Yojimbo ti ọdún 1961 àti nínú Sanjuro ti ọdún 1962, fíìmù méjì tí Akira Kurosawa darí. Kurosawa, tó wà láyé láti 1910 di 1998, ni olùdarí tí ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́yìn òde Jàpáànù tipasẹ̀ rẹ̀ mọ sámúráì. Rashomon rẹ̀, tó jáde ní 1950, gba ẹ̀bùn tó ga jù lọ níbi àjọ̀dún fíìmù Venice ní 1951, Seven Samurai sì tẹ̀ lé e ní 1954. Inú àwọn fíìmù wọ̀nyẹn ni Menchiari àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé èèyàn sínú àwòrán.

Nígbà tí wọ́n ń ya òjò ńlá tó bẹ̀rẹ̀ Rashomon, omi lásán kò hàn dáadáa nínú kámẹ́rà nítorí ojú ọ̀run funfun lẹ́yìn rẹ̀. Ni wọ́n bá po yíǹkì dúdú mọ́ omi tí wọ́n ń tú. Ìwọ tó ò ń kọ́ iṣẹ́ àwòrán, fi ìyẹn sọ́kàn. Kéèyàn ṣe nǹkan ní dúdú àti funfun kọjá kó kàn yọ àwọ̀ kúrò. Níbi tí kò ti sí pupa tàbí àwọ̀ ewé tó máa ya ènìyàn sọ́tọ̀ lára ògiri, ìmọ́lẹ̀ nìkan ló kù tí ayàwòrán lè fi sọ fún wa pé ẹni tí a ń wá rèé, ibi tí ewu ti ń bọ̀ rèé. Ẹni tí kò bá ṣètò ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo nǹkan á dàpọ̀ di eérú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Nígbà tó o bá dé ibi tí ìlú ti ń jó, gbé páàdì sílẹ̀ ná. Má tẹ nǹkan kan. Wo bí iná ṣe wà lẹ́yìn, tí èéfín sì gba ojú ọ̀run. Hiroki dúdú níwájú ìmọ́lẹ̀ yẹn. O ò rí ojú rẹ̀, o ò rí bátànì aṣọ rẹ̀, síbẹ̀ o mọ̀ pé òun ni, nítorí bí idà ṣe yọ níbàdí rẹ̀ àti bó ṣe dúró. Lẹ́yìn náà, wo àwọn ohun tó sún mọ́ ẹ jù lọ nínú àwòrán náà, àwọn igi ọgbà, etí òrùlé, òpó ilé. Wọ́n to àwọn yẹn síbẹ̀ kí ojú rẹ lè gba àárín wọn wọlé lọ bá a ni. Kámẹ́rà kò rọ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn bó ṣe máa ń rí nínú ọ̀pọ̀ géèmù. Ibi tí olùdarí gbé e sí ló dúró sí, ó ń wo ọkùnrin náà láti òkèèrè, Hiroki á wá kéré gan-an láàárín ìparun tó yí i ká. Kí ẹnikẹ́ni tó lanu sọ ọ́, o ti mọ̀ pé apá ọkùnrin yìí ò lè ká gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ìtàn ni àwòrán yẹn ń sọ. Ìdí tí mi ò fi gbà pé ẹ̀tàn ni nìyẹn.

Àmọ́ àwòrán yẹn náà ló dín iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kù, mo sì fẹ́ kó o rí bó ṣe ṣẹlẹ̀. Nígbà tí Hiroki bá ń rìn kiri, ó lè wọnú àwòrán lọ, ó lè yà sí kọ̀rọ̀, ó lè padà sẹ́yìn. Kété tí ìjà bá dé, kámẹ́rà á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀nà méjì péré ló kù fún un, òsì àti ọ̀tún. Ó lè gé fẹ́ẹ́rẹ́, ó lè gé lágbára, ó lè fi idà gba idà. Tí ọ̀tá bá wà lẹ́yìn, o ní láti tẹ bọ́tìnnì kó tó yíjú sí i. Bó ṣe ń gé tó sì ń gbà, okun rẹ̀ ń dín kù. Bó bá yá, á rí ọ̀bẹ kéékèèké tí wọ́n ń jù, á rí ọfà, á rí ìbọn ńlá. Gbogbo èyí tó nǹkan tí wọ́n lè fi ṣe ìjà tó gbámúṣé. Àléébù ibẹ̀ ni pé gígé bíi mélòó kan tó o kọ́ ní kùtùkùtù á ṣì máa dá àwọn ọ̀tá lóyì nígbà tí géèmù ń lọ sópin. Tó o bá ti dá wọn lóyì, o lè pa wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀mí tìrẹ á sì tún padà bọ̀ sípò díẹ̀. Ọ̀nà tó ti ṣiṣẹ́ lánàá á ṣiṣẹ́ lónìí, kò sí ohun tó ń fipá mú ẹ láti tún ọgbọ́n dá. Ibẹ̀ ló ti ń súni.

Síbẹ̀, sọ fún àbúrò rẹ pé bọ́tìnnì díẹ̀ kì í ba géèmù jẹ́. Wo ayò ọlọ́pọ́n tiwa. Ihò 12, ọmọ ayò 48, ọmọ kékeré lè kọ́ òfin rẹ̀ ní ọ̀sán kan. Àwọn àgbàlagbà sì ń jókòó tì í títí ilẹ̀ á fi ṣú, nítorí pé ihò kan tó o bá gbọ́n lè yí gbogbo ọpọ́n padà. Ìyẹn ni Trek to Yomi kò ní tó. Òfin rẹ̀ kéré, kò burú, ṣùgbọ́n ohun tó o yàn láti ṣe kò wúwo.

Ó ṣeé ṣe láti ṣe é kó wúwo, àwọn kan sì ti ṣe é. Ní 1997, Bushido Blade jáde lórí PlayStation. Kò sí ìlà kankan tó ń fi hàn bí ẹ̀mí ṣe kù sí. Idà ẹyọ kan tó bá wọlé dáadáa lè parí ìjà, bí wọ́n bá sì gé ẹ lẹ́sẹ̀, orí ìkúnlẹ̀ ni wàá ti máa jà. Ẹni tó ń ta á kì í tẹ bọ́tìnnì ní ìtẹ̀kutẹ̀. Ó ń wo alátakò rẹ̀, ó ń dúró, àyà rẹ̀ ń já.

Àpẹẹrẹ kan tún wà tó dàgbà jù ú lọ. Ní 1984, Jordan Mechner, tó ṣì wà ní Yunifásítì Yale nígbà tó ń ṣe é, gbé Karateka jáde fún kọ̀ǹpútà Apple II. Fíìmù olùkọ́ káràté kan ló kọ́kọ́ yà, ó wá fi ọwọ́ ya ìrìn àti ìpá rẹ̀ lé e lórí, títí àwòrán inú kọ̀ǹpútà fi ń rìn bí èèyàn ẹlẹ́ran ara. Ìjà rẹ̀ kò ju kéèyàn kan ẹ̀ṣẹ́, kó ta ìpá, lókè, láàárín tàbí nísàlẹ̀, lórí ìlà kan ṣoṣo. Kò pọ̀ ju ti Trek to Yomi lọ rárá. Ṣùgbọ́n nínú géèmù yẹn, o lè dúró bí ẹni fẹ́ jà, o sì lè dúró bí ẹni tó wá ní àlàáfíà. Tó o bá ṣẹ́gun gbogbo èèyàn tán, tó o wá ń lọ bá Mariko, ọmọbìnrin tó o wá gbà sílẹ̀, nínú ìdúró ìjà, ìpá kan ṣoṣo ló máa ta ẹ́, o ti kú nìyẹn. Bó ṣe yẹ kó o lọ bá a ni kó o na ara rẹ dúró, kó o sá lọ pàdé rẹ̀. Àwòrán ìdúró yẹn àti bọ́tìnnì tó ń yí i padà, nǹkan kan náà ni wọ́n ń sọ. Ohun tí mo fẹ́ kó o mú dọ́gba nínú iṣẹ́ tìrẹ nìyẹn: kí ohun tí ojú rí àti ohun tí ọwọ́ ṣe máa sọ ìtàn kan náà.

Ohun tó dùn mí jù nínú Trek to Yomi ni pé àwọn tó ṣe é mọ èyí. Ìpele ìjà kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ Kensei. Lórí ìpele yìí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ọ̀tá máa gé ẹ, o kú. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo náà ni ìwọ náà máa gé e, òun náà kú. Gbogbo bọ́tìnnì tó sú ẹ yẹn á di ohun tó ń dẹ́rù bà ẹ́, ìjà á sì bá àwòrán mu, torí bí wọ́n ṣe máa ń kú nínú àwọn fíìmù wọ̀nyẹn náà nìyẹn, kíá, láìsí àsọtúnsọ. Wọ́n wá tì í pa títí wàá fi kọ́kọ́ parí géèmù náà. Adùn ní í gbẹ̀yìn ewúro lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ á ti da ewúro náà nù kí wọ́n tó débẹ̀. Tó bá jẹ́ pé èmi ni, ẹnu ọ̀nà ni mi ò bá gbé e sí.

Ohun mìíràn tí mo fẹ́ kó o tìtorí rẹ̀ parí géèmù náà ni Yomi fúnra rẹ̀, o ò sì tíì débẹ̀. Yomi ni ilẹ̀ àwọn òkú nínú ìgbàgbọ́ àtijọ́ àwọn ará Jàpáànù. Ìtàn rẹ̀ wà nínú Kojiki, ìwé tí wọ́n parí ní 712. Izanagi tọ ìyàwó rẹ̀ Izanami lọ síbẹ̀ nígbà tí obìnrin náà kú lórí ọmọ iná tó bí. Izanami ní kó má wo òun. Izanagi ò lè mú un mọ́ra, ó ṣẹ́ eyín òòyà rẹ̀ kan, ó tanná sí i, ohun tó rí ni òkú tó ti ń jẹrà. Ó sá jáde, ó sì yí àpáta dí ẹnu ọ̀nà náà. Ṣé o rí i pé ìtàn ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn ni? Géèmù tó jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn nìkan ló ní lọ́wọ́ kò lè rí ibi tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ibẹ̀ lọ ni ọwọ́ àwọn ayàwòrán tú pátápátá, nítorí kò sí òfin ilé àti ojú ọ̀nà tó dè wọ́n mọ́. Ẹni tó bá dúró lórí kejì kò tíì rí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe.

Bó o ṣe máa parí rẹ̀ láìsí pé ó rẹ̀ ẹ́ nìyí.

Àkọ́kọ́, sọ ìpele ìjà rẹ̀ kalẹ̀ sí Kabuki, èyí tó rọrùn jù lọ. Kò sí ìtìjú nínú rẹ̀. Àwọn tó ṣe é fi í síbẹ̀ fún ẹni tó bá ìtàn àti àwòrán wá, ìwọ sì ni wọ́n ń bá wí.

Ìkejì, orí méje péré ló ní, gbogbo rẹ̀ kò sì ju bíi wákàtí márùn-ún sí mẹ́fà lọ. Má ta á láti alẹ́ mọ́jú. Máa ta orí kan lálẹ́ ọjọ́ kan, kó o gbé e sílẹ̀ nígbà tó o ṣì ń gbádùn rẹ̀. Ìjà tó ń sú ẹ yẹn, àtamọ́ra ló ń sọ ọ́ di ẹrù.

Ìkẹta, pa iná yàrá, kó o fi ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ sétí. Cody Matthew Johnson àti Yoko Honda ló ṣe orin rẹ̀, ohun èlò orin ìbílẹ̀ Jàpáànù ni wọ́n sì lò. Èdè Jàpáànù làwọn òṣèré rẹ̀ ń sọ. Jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, kó o máa ka ìtumọ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀.

Ìkẹrin, máa yà sí gbogbo kọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni ohun tó ń fi kún ẹ̀mí àti okun rẹ wà, ibẹ̀ náà ni wàá ti kọ́ àwọn gígé tuntun. Tó o bá rí okùn tó so igi gẹdú rọ̀, ge okùn náà kó wó lu àwọn ọ̀tá lórí. Nígbà ìjà, má wo idà. Èjìká ẹni tó ń bọ̀ ni kó o wò, nítorí ojú lalákàn fi í ṣọ́rí.

Ìkarùn-ún, tó o bá ti parí rẹ̀, ṣí Kensei, kó o gbé páàdì fún àbúrò rẹ. Òun ni ìpele yẹn tọ́ sí.

Tó bá sì ṣì ń wá ìjà tó máa ká a mọ́lẹ̀, Sekiro tí FromSoftware ṣe ní 2019 wà níbẹ̀. Ìyẹn ń béèrè ọgbọ́n lọ́wọ́ èèyàn ní gbogbo ìṣẹ́jú. Fún ìwọ, wá bó o ṣe máa rí Ghost of Tsushima, tí Sucker Punch gbé jáde ní 2020. Ètò kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n fi orúkọ Kurosawa pè, pẹ̀lú àṣẹ àwọn tó ń ṣọ́ ogún rẹ̀, tó máa sọ gbogbo rẹ̀ di dúdú àti funfun. Géèmù aláwọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é, wọ́n wá bọ́ àwọ̀ rẹ̀ kúrò. Gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Trek to Yomi tí wọ́n ti ìbẹ̀rẹ̀ ṣètò ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fún dúdú àti funfun, kó o wá sọ èyí tí ojú rẹ ń tètè rí ọ̀tá nínú rẹ̀, àti ìdí rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ńlá ni fún ayàwòrán.

Ní ti owó, ẹni tí kò bá tíì rà á, mi ò ní sọ pé kó sáré rà á ní gbogbo iye tí wọ́n ń tà á. Kó dúró de ìgbà tí wọ́n bá já owó rẹ̀ sílẹ̀. Ìwọ ti san tìrẹ, kò sì ṣòfò, bó o bá gbà kí géèmù náà kọ́ ẹ níṣẹ́.

Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ ló wà lọ́kàn mi jù. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ẹ pé àwòrán kò já mọ́ nǹkan nínú géèmù. Àwòrán ló mú ẹ tu owó jọ, òun náà ló sì ń sọ ìtàn nígbà tí gbogbo ẹnu dákẹ́. Ṣùgbọ́n má ṣe dá ṣe é. Wá ẹni tó mọ ìjà ṣe, irú ẹni tí inú ń bí bíi ti àbúrò rẹ nígbà tí bọ́tìnnì kan kò bá nítumọ̀, kí ẹ sì jọ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Tó o bá ya ojúlé kan, kó bi ẹ́ pé kí ni ọwọ́ fẹ́ ṣe níbẹ̀. Tí òun náà bá gbé ìjà kan kalẹ̀, kí ìwọ bi í pé kí ni ojú máa rí. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé inú ilé yín gan-an ni ẹni náà wà. Bá a sọ̀rọ̀ lónìí.